Màdáámù, Ẹ̀rọ Ti Kú

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ ti fi erùpẹ̀ bo gbogbo òrùlé àdúgbò Titirou, mo gun alùpùpù mi dé ilé-ẹ̀kọ́. N kò tíì bọ́ akoto kúrò lórí tí akọ̀wé wa ti ń sáré bọ̀ wá pàdé mi. Kò kí mi pé ẹ káàárọ̀, kò bèèrè ọmọ, kò bèèrè ilé. Ohun tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Màdáámù, ẹ̀rọ ti kú."

Ẹ̀yin òǹkàwé mọ̀ pé nǹkan gbọ́dọ̀ ti bàjẹ́ gan-an kí ọmọ Yorùbá tó gbàgbé ìkíni. Mo ju àpò ìwé mi sílẹ̀, mo bá a wọlé. Mo wo iwájú ẹ̀rọ náà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnìkan ti fa okùn iná rẹ̀ yọ kúrò lára ògiri, ó sì ti fi okùn fóònù rọ́pò rẹ̀. Mo dá okùn padà sí àyè rẹ̀. Ẹ̀rọ jí. Akọ̀wé wa pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáámù! Ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún yín yìí, kò fún gbogbo ènìyàn." N kò ní ìgboyà láti sọ fún un pé fóònù tí ó wà lára ògiri náà, tirẹ̀ ni.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ mi. Ìtàn àti jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, láti kíláàsì kẹfà dé kíláàsì kẹta (lọ́dọ̀ tiwa, sísọ̀kalẹ̀ ni a ń ka kíláàsì, bí ẹni tí ó ń ti orí àtẹ̀gùn bọ̀ wálẹ̀). Licence ni mo gbà ní Yunifásítì Parakou, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 2001, kò sì sí ibì kankan nínú ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ tí a kọ ọ́ sí pé èmi ni n óò máa tọ́jú kọ̀ǹpútà. Bí ó ṣe di tèmi kò ṣòro láti sọ. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, bébà há sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́nu. Gbogbo ènìyàn dúró yí i ká bí ẹni tí ó ń wo ejò. Èmi rò ó lọ́kàn mi pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, mo fa bébà jáde. Ǹ bá mọ̀, ǹ bá jẹ́ kí orí ọmọ náà wọ́ títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé. Láti ọjọ́ náà ni ohunkóhun tí ó bá ti ní okùn nídìí nínú ọgbà wa ti di tèmi: kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, agogo ilé-ẹ̀kọ́, afẹ́fẹ́ yàrá àwọn olùkọ́. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ti gbé rédíò bàbá rẹ̀ wá bá mi rí, ó ní kí n ṣáà fọwọ́ kàn án.

Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, iṣẹ́ yìí ní orúkọ. Administrateur système ni àwọn Faransé ń pè é: ẹni tí ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ, tí ń ṣọ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí ń fún ènìyàn ní àṣẹ ìwọlé, tí ń fi ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ pamọ́ kí ó má baà ṣègbé. Ó ní owó-oṣù, ó ní yàrá tí ó tutù. Lọ́dọ̀ tiwa, ogún ni kọ̀ǹpútà tí a ní nínú ìwé, mẹ́rìnlá ni ó ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti lò wọ́n gbó kí wọ́n tó gba ojú omi dé èbúté Kútọnu, tí wọ́n sì tún fi ọkọ̀ akẹ́rù rìn ju irínwó kìlómítà lọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìgbà tí wọ́n bá dé ni wọ́n ń mọ ohun tí ń jẹ́ ọyẹ́. Bí mo bá ṣí inú ọ̀kan nínú oṣù Ọ̀pẹ, erùpẹ̀ pupa tí ó wà níbẹ̀ tó ohun tí a lè fi gbin ilá. Páǹpù táyà kẹ̀kẹ́ ni mo fi ń fẹ́ ẹ jáde. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà a máa dúró lójú fèrèsé, wọn a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Màdáámù ń fẹ́ táyà kọ̀ǹpútà.

Iná náà ní tirẹ̀. Nígbà tí ó bá lọ, onduleur kan ṣoṣo tí a ní yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí òròmọdìyẹ tí kò rí ìyá rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni a ní láti fi iṣẹ́ pamọ́. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn, mo ti kọ ọ́ sára ògiri ní Yorùbá àti ní Faransé: bí ẹ bá ti gbọ́ igbe yìí, ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á dìde, wọ́n á wá mi lọ sí kíláàsì, wọ́n á ní, "Màdáámù, nǹkan kan ń ké." Kí n tó dé, ó ti dákẹ́.

N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí kílé USB. Ẹni tí ó bá ti fi ọ̀kan sínú ẹ̀rọ ilé ìtẹ̀wé etí títì rí, tí ó sì délé tí gbogbo fáìlì rẹ̀ ti sá pamọ́, tí ó ku kìkì àwòrán ọ̀nà-àbùjá tí kò já sí ibì kankan, mọ ohun tí mo ń wí. Ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ aṣínà yẹ kí a sọ. Olùkọ́ ìṣirò wa, ẹni tí ó jù mí lọ ní ọdún méjìlá, kọ tirẹ̀ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ní ibi tí gbogbo ọmọ ti lè kà á. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yọ ọ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé èmi ni ẹ rò pé mo fẹ́ jalè ni, àbí àwọn ọmọ?" Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú." Ó yọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo rí i lábẹ́ kíbọọ̀dù. Mo gbà pé ìlọsíwájú ni.

Ọ̀gbẹ́ni kan ní Amẹ́ríkà, Ted Kekatos, rí ìpolówó kan nínú ìwé ìròyìn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti fún alábòójútó kọ̀ǹpútà wọn ní òdòdó nítorí pé ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun wọlé. Òun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó ń dúpẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Agẹmọ ọdún 2000 ni ó dá ọjọ́ ìdúpẹ́ sílẹ̀, a sì ń ṣe é ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kẹ́yìn oṣù Agẹmọ lọ́dọọdún. Nígbà tí mo gbọ́ nípa rẹ̀, inú mi dùn, mo wo kàlẹ́ńdà. Oṣù Agẹmọ! Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ti dá páropáro nígbà náà, àwọn ewúrẹ́ nìkan ni ó kù láti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tí ó ń rẹni nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹ̀rọ. Bí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé o wà. Bí nǹkan bá dúró, ìwọ ni o dá a dúró. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà 2024, íntánẹ́ẹ̀tì lọ láàárọ̀. Ọ̀gá wa ránṣẹ́ pè mí kúrò ní kíláàsì. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn: "Màdáámù, kí ni ẹ fọwọ́ kàn?"

N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Nígbà tí ìròyìn dé, a gbọ́ pé okùn mẹ́rin ni ó já nísàlẹ̀ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Kòtò jíjìn kan wà nínú òkun níwájú Abidjan tí àwọn Faransé ń pè ní Trou sans fond, ihò tí kò nísàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ sì fura pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ni ó ṣí nípò níbẹ̀ tí ó sì fà wọ́n já. Láti Gánà dé Bẹ̀nẹ̀, láti Kodivúà títí dé Nijẹ́ẹ̀ tí kò ní òkun rárá, gbogbo wa ni ó kàn. Mo jẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì, inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo yàwòrán rẹ̀ sórí pátákó fún ọ̀gá wa: èyí ni òkun, èyí ni SAT-3 tí ó ti gúnlẹ̀ sí Kútọnu láti 2002, èyí ni ACE tí ó dé ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, láti etí òkun ni okùn mìíràn ti ń gun òkè bọ̀ wá bá wa, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ojú irin ṣe gùn ún títí tí ó fi dé Parakou ní 1936 tí kò sì lè kọjá mọ́. Mo rán an létí oṣù Agẹmọ 2009, nígbà tí SAT-3 bàjẹ́ tí gbogbo cyber ìlú dákẹ́ bí ilé òkú. Ọ̀gá wa tẹ́tí sí mi títí mo fi parí. Ó mi orí, ó ní, "Ó yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ẹ máa tún un ṣe?"

Títí di ibi tí mo dé yìí, ẹ̀rín ni. Èyí tí ó kàn kì í ṣe ẹ̀rín.

Kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta tó ṣe ìdánwò BEPC, a gbọ́dọ̀ fi orúkọ wọn ránṣẹ́. Nígbà kan rí, bébà ni. Nísinsìnyí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá, ọjọ́ náà ni. Bí agogo bá ti lu méjìlá òru, ìlẹ̀kùn tì.

Mo fẹ́ràn èdè wa. Bí n kò bá fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní máa kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yìí. Ohun tí ó sì máa ń dùn mí nínú ìwé orúkọ ni bí a ṣe kọ orúkọ àwọn ọmọ. Ọlátúnjí di Olatoundji. Àjàyí di Adjayi. Adéwùmí di Adéwoumi. Ṣ a máa di ch, nítorí pé akọ̀wé tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá-ńlá ọmọ náà, etí Faransé ni ó fi gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, láti Ṣábẹ dé Parakou. Bí orúkọ kan náà bá sọdá ibodè dé Ṣakí, yóò bọ́ aṣọ yìí sílẹ̀, yóò wọ òmíràn. Àwọn tí ń kọ́ni ní èdè ìbílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ tún ní tiwọn, nítorí pé láti 1975 ni álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè ti wà, níbi tí a ti ń kọ ɛ àti ɔ dípò ẹ àti ọ, tí a sì ń kọ sh dípò ṣ. Ọmọ kan, orúkọ kan, ẹ̀wù mẹ́ta.

Ní ọdún ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo jókòó ti àtẹ orúkọ kíláàsì kẹta, mo ṣe ohun tí mo kà sí iṣẹ́ rere. Mo tún orúkọ àwọn ọmọ Yorùbá inú rẹ̀ kọ bí ó ti yẹ, pẹ̀lú àmì abẹ́ lẹ́tà, pẹ̀lú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n. Mo wo àtẹ náà, inú mi dùn bí ẹni tí ó dá ọmọ tí ó sọnù padà fún ìyá rẹ̀. Ìlò tèmi nìkan ni mo ṣe é fún, láti máa fi pe orúkọ wọn bí ó ti tọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni mo fún fáìlì méjèèjì, àfi 1 àti 2 tí mo fi sí ìparí wọn. Ẹ ti mọ èyí tí mo fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ẹ̀rọ ṣe, nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìkà ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́mbà ni ó mọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n to nọ́mbà wọ̀nyí ní 1963 fi àyè 128 sílẹ̀, ó sì tó fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Yúróòpù fi àyè kún un, é àti ç rí ibi jókòó. Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó wá fẹ́ fún gbogbo èdè ayé ní nọ́mbà. Ẹ àti ọ ní nọ́mbà tiwọn níbẹ̀, àwa kọ́ nìkan sì ni a ń lò wọ́n: àwọn ará Vietnam náà ń kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́mbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. A ní láti tò ó pọ̀ ni, lẹ́tà lọ́tọ̀, àmì lọ́tọ̀. A sì lè tò ó ní ọ̀nà bíi mélòó kan tí ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, tí ẹ̀rọ yóò sì kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ tí kò bára tan. Bí ètò kan bá sì fi òfin àtijọ́ ka ohun tí a fi òfin tuntun kọ, é yóò di Ã©, ẹ yóò di áº¹. Bí ó bá fi òfin àtijọ́ pa fáìlì mọ́, ohun tí kò bá mọ̀, yóò fi àmì ìbéèrè sí ipò rẹ̀, yóò sì gbàgbé pé ohunkóhun wà níbẹ̀ rí. Kíbọọ̀dù AZERTY tí a ń lò kò tilẹ̀ ràn wá lọ́wọ́. É ńlá pàápàá, tí ó jẹ́ ti Faransé, ó ń fi í pamọ́. Ní Nàìjíríà, Kọ́lá Túbọ̀sún, ẹni tí ó dá àkójọ orúkọ YorubaName.com sílẹ̀, ti pín kíbọọ̀dù tí a fi lè tẹ àmì ohùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ràn mí lọ́wọ́ láti kọ orúkọ náà dáadáa. Kò lè ràn mí lọ́wọ́ níbi tí mo fi í ránṣẹ́ sí.

Fáìlì náà padà wá pẹ̀lú àṣìṣe. Ní orúkọ mẹ́wàá, àmì ìbéèrè wà láàárín. Mo rí wọn, mo dá wọn padà sí bí ó ṣe wà nínú ìwé-ẹ̀rí ìbí, mo tún fi wọ́n ránṣẹ́. Ti ẹnìkọkànlá, Ṣ ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. Àmì ìbéèrè ni ó wá di ìbẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀, àmì ìbéèrè sì ń ṣáájú A nígbà tí ẹ̀rọ bá ń to nǹkan. Nítorí náà ìlà ọmọ náà gòkè lọ sí orí àtẹ, ó jókòó sókè gbogbo ènìyàn, ó dà bí ìdọ̀tí tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀. Mo pa á rẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á rẹ́, mo tilẹ̀ rántí pé mo pòṣé.

Ní ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò parí, a lẹ àtẹ orúkọ mọ́ ògiri. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọmọbìnrin yìí dúró níwájú rẹ̀, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà á láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò pariwo. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì tí mo wà, ó ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi kò ní ṣe ìdánwò ni?"

Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kò yege. Bàbá rẹ̀ kò sí láyé mọ́. Mo mọ̀ pé àǹtí ìyá rẹ̀ ní Kútọnu ti ń sọ pé kí wọ́n mú ọmọ náà wá kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, pé kí ni ìwé tí kò lópin yìí ń wá. N kò ní ohunkóhun lòdì sí iṣẹ́ aránṣọ. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ni ó ń jókòó ní àga iwájú, tí ó ń bèèrè ìdí tí odò Niger fi ń kọ́kọ́ ṣàn lọ sí aṣálẹ̀ kí ó tó yí padà sí òkun.

Mo lọ wo ẹ̀dà. Èmi tí mo ń wàásù ẹ̀dà fún gbogbo ènìyàn, ẹ̀dà tí mo ní ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ náà kò sì tíì sí nínú rẹ̀, nítorí pé ó pẹ́ kí ó tó forúkọ sílẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí ìbí rẹ̀ tí ó wà lọ́fíìsì jẹ́ fọ́tòkọ́pì fọ́tòkọ́pì, nọ́mbà orí rẹ̀ ti parẹ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Mo gun alùpùpù mi lọ sí ọjà Arzèkè, ọmọ náà jókòó sẹ́yìn mi, ó di aṣọ mi mú.

Ìyá rẹ̀ ń ta ata àti tòmátì. Nígbà tí ó rí olùkọ́ àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń bọ̀ papọ̀, ó dìde dúró, ó fi ọwọ́ lérí. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Ẹ má fòyà, mà, kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ ni ó gbé orúkọ rẹ̀ mì. Ìwé-ẹ̀rí ìbí rẹ̀ gan-an ni mo wá bá yín gbà." Ó fa ọjà lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́, a lọ sílé. Nínú àpótí irin lábẹ́ ibùsùn ni ìwé náà wà, nínú ọ̀rá, nínú aṣọ. Mo kà á sókè láti rí i pé òun ni. Mo ka orúkọ náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú ch àti ou rẹ̀. Ìyá yìí wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ta ni ìyẹn, Màdáámù?"

Mo ní ọmọ yín ni, mà. Ó ní, "Háà." Ó tún un pè bí òun ṣe ń pè é, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ó ń kọ́ àlejò lọ́rọ̀.

Nígbà tí a padà dé Titirou, iná ti lọ. Mo jókòó nílé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ tí agbára rẹ̀ kò tó ìdajì, mo fi fóònù mi fa íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ó pẹ́ ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà kan náà lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú ìwé náà ń yí, ó ń yí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó lé mi jáde. Mo tẹ orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láìsí àmì kankan tí akọ̀wé Faransé kò fi sí i, bí ẹni tí ó ń jẹ́wọ́. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, ó gbà á. Mo ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ náà, kí n tó rántí pé kò mọ̀wé kà. Ọmọ rẹ̀ ni ó dá mi lóhùn: "Ẹ ṣeun, Màdáámù. A kò tíì sùn."

Ó ṣe ìdánwò náà, ó sì yege. Láti ìgbà náà, ìwé àjákọ kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi tí kì í wọ inú kọ̀ǹpútà. Ìlà méjì ni mo fà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ní ọwọ́ òsì, mo kọ orúkọ ọmọ bí ó ti wà nínú ìwé-ẹ̀rí ìbí rẹ̀, láìyí lẹ́tà kan padà. Ní ọwọ́ ọ̀tún, mo bi í pé báwo ni ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń pè é, mo sì kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀. Àwọn ọmọ Bàrìbá àti Dẹńdì náà ti ní kí n kọ tiwọn. Èyí tí n kò mọ̀ ọ́n kọ, àwọn ni ó ń kọ́ mi. Àwọn fáìlì mi náà kò jọ ara wọn lórúkọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù. Nígbà tí mo ròyìn fún ọ̀gá wa, ó ní, "Ẹ̀rọ ni ó ṣe é," ó sì yí ojú sí ohun mìíràn. Mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó ń di ẹ̀bi wọn ru ẹ̀rọ, ta ni yóò sọ pé èmi náà kò gbọdọ̀ ṣe é? Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ fún ìyá náà lọ́jà, pé ẹ̀rọ gbé orúkọ mì, kò jẹ́ kí n sinmi. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo padà lọ sí Arzèkè. Mo dúró títí tí àwọn oníbàárà fi dín kù. Mo ní, "Mà, ẹ̀rọ kọ́. Èmi ni mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹ dárí jì mí."

Ó ń to tòmátì rẹ̀ lọ, ó kọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kan lórí wọn. Kò gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Ẹ̀rọ kì í gun alùpùpù wá bẹ ènìyàn."

Mo ra tòmátì ọgọ́rùn-ún márùn-ún fráǹkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dà á sínú àpò mi, ó wò ó, ó sì fi èènì méjì sí i.